Oró Inú Ẹ̀pà Tó Pa Bàbá Mi

Mo rántí àárọ̀ tí mo rí i pé funfun ojú bàbá mi ti di àwọ̀ ọsàn tó pọ́n. Àgbowó là ń gbé nígbà náà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, kò sì sí ohun tí wọ́n fẹ́ràn tó gààrí tútù àti ẹ̀pà yíyan lọ́sàn-án. Ọwọ́ ọkùnrin ẹlẹ́pà kan ní ọjà Bódìjà ni ìyá mi ti ń ra ẹ̀pà náà, wọ́n á wá yan án nílé. Ẹ má bínú pé mi ò pe ọkùnrin náà ní "wọ́n". Ẹnu mi kọ̀ ọ́.

Nígbà kan, èmi àti ìyá mi gbé ẹ̀pà rẹ̀ padà lọ bá a torí pé ó ti bu, nǹkan aláwọ̀ ewé ti hù sí i lára. Ńṣe ló rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó tíṣà, ẹ lọ yan án dáadáa. Iná á pa ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀."

Dókítà tó tọ́jú bàbá mi kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Wọ́n ní oríṣiríṣi nǹkan ló ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀, àmọ́ oró kan wà nínú ẹ̀pà tó bá bu, ẹ̀dọ̀ ló máa ń bà jẹ́, iná kì í sì í pa á tán. Ọ̀rọ̀ iná yẹn nìkan ni mo gbé kúrò níbẹ̀. Nígbà tí a sin bàbá mi, mi ò sunkún. Ẹlẹ́pà ni mò ń rò.

Nígbà tí mo wọ yunifásítì fún dígírì kejì, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà ní kí n ṣiṣẹ́ lórí àwọ̀ pupa inú ìsápá tí a fi ń ṣe sóbò. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ oró ẹ̀pà. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní inú ẹ̀pà gan-an ni ká ti fa oró náà yọ, mo sì mọ ibi tí mo ti máa rà á. Ẹlẹ́pà ò dá mi mọ̀. "Kọ́sítọ́mà mi" ló ń pè mí, èmi náà á kúnlẹ̀ kí i bí ọmọ gidi.

A tọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ sínú àwo kéékèèké ní yàrá ìwádìí. Nínú àwo tí a da oró nìkan sí, àwọn sẹ́ẹ̀lì kú lọ bẹẹrẹ. Nínú èyí tí a kọ́kọ́ da àwọ̀ ìsápá sí kí a tó da oró sí i, ọ̀pọ̀ wọn ló yè.

"Ọmọ mi, wo bí wọ́n ṣe yè!" Ọ̀jọ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́.

Èmi, àwọn tó kú ni mò ń wò. Wọ́n ní kí n wá ohun tó ń gba ẹ̀dọ̀ là, èmi ń wá ohun tí mo máa fi mú ẹnì kan.

Mo gbé àbájáde náà lọ síbi ìpàdé àwọn ẹlẹ́pà ọjà Bódìjà, mo ní inú ẹ̀pà ọkùnrin náà la ti fa oró yìí yọ. Ìyá àgbà tó jẹ́ olórí wọn gbọ́ mi jáde. Ọkùnrin náà fò dìde, ó ní irọ́ ni mò ń pa, pé òun àtàwọn ọmọ òun ń jẹ ẹ́. Ìyá àgbà ní kí wọ́n tú ọ̀kan nínú àwọn àpò rẹ̀, wọ́n sì bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e lọ́wọ́.

"Jẹ ẹ́ ká rí i."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Mi ò rò pé ó mọ ohun tó ń ṣe: ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ṣa àwọn tó bu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"O mọ̀," ni mo wí. "Látọjọ́ yìí lo ti mọ̀. Tíṣà Àgbowó ni bàbá mi."

Ó da ẹ̀pà náà sílẹ̀, ó ní kí n ṣàánú òun. Wọ́n dáná sun àwọn àpò rẹ̀ lẹ́yìn ọjà, wọ́n lé e kúrò ní ìsọ̀, mo sì dúró wò ó títí iná fi kú.

Ike àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń tà ní àdúgbò Challenge báyìí. Pásítọ̀ wa ní kí n dárí jì í. Àwọn aládùúgbò máa ń bi mí bóyá sóbò ń wo ẹ̀dọ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé inú àwo la ti rí i, ara èèyàn kì í ṣe àwo, kí wọ́n yáa ṣa ẹ̀pà wọn dáadáa.

Lọ́jọ́ kan, ìyá mi bi mí bóyá ohun tí mo ṣe fún ọkùnrin yẹn ti tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ní rárá. Wọ́n ní kò tíì tẹ́ àwọn náà lọ́rùn.