Adìẹ Tí Màsúdát Sè fún Fìdáù Baba Rẹ̀

Ní àdúgbò Pákátà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe sàráà, Màsúdát ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí kó wá dáná. Ọwọ́ rẹ̀ dùn, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Nígbà tí baba tó bí i kú lọ́dún 1994, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan ìkòkò fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Òun ló ra adìẹ lọ́jà Ipata, òun ló gé wọn, òun náà ló sè wọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Nígbà tí ẹran jinná, ó dà á padà sínú abọ́ ńlá tó kó o sí nígbà tó ṣì wà ní tútù, ó dé e, ó lọ tọ́jú àlejò. Lọ́jọ́ fìdáù, ó dà á sínú ọbẹ̀, ó kàn jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí àwọn àlùfáà ti jókòó.

Ọjọ́ kejì fìdáù ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run àwọn ènìyàn. Èébì, ìgbẹ́ gbuuru, ibà. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló dé ilé ìwòsàn. Màsúdát náà ń bì, síbẹ̀ òun ló pọn Rúkáyà, ọmọ ọdún mẹ́ta tí Nàfísàt àbúrò rẹ̀ bí, lọ síbẹ̀, torí Nàfísàt kò lè dìde. Omi tí wọ́n fà sí ọmọ náà lára kò ràn án. Ọjọ́ kẹta ló kú, lẹ́yìn ìrun Alásàrí.

Wọ́n wá ń sọ ládùúgbò pé májèlé ni Màsúdát fi sóúnjẹ, nítorí ilé tí baba wọn fi sílẹ̀. Ó sáré tọ dókítà lọ, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ ọ́ síwèé fún mi pé kì í ṣe májèlé. Wọ́n á lé mi nílùú."

"Kì í ṣe májèlé," ni dókítà wí. "A ti yẹ ìgbẹ́ wọn wò. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní sàmónẹ́là ni. Ó máa ń wà lára adìẹ tútù, iná gidi ló sì ń pa á. Ìyá, kí lẹ kó ẹran náà sí nígbà tó jinná?"

Abọ́ tó kó adìẹ tútù sí ni Màsúdát rántí.

Dókítà kọ ìwé fún un pé kì í ṣe májèlé. Ká ní ó kàn fi han àdúgbò, ìyẹn ì bá tó láti gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Nàfísàt, tó ṣì dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ló kọ́kọ́ gbà lọ.

"Ìwé rèé, kì í ṣe májèlé. Ṣùgbọ́n èmi náà ni mo fà á, Nàfísàt. Abọ́ tí mo kó adìẹ tútù sí, mi ò fọ̀ ọ́ kí n tó da èyí tó jinná sí i. Mi ò mọ̀. Wàláhì, mi ò mọ̀."

Nàfísàt kọjú sí ògiri. "Àǹtí, mo gbọ́. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé. Mi ò lè máa wò yín."

Màsúdát fi ìwé náà han àwọn àgbà àdúgbò, ó sì sọ ti abọ́ náà fún wọn pẹ̀lú. Àwọn kan dárí jì í, àwọn kan kò kí i mọ́. Kò dáná sàráà mọ́. Nínú ilé ara rẹ̀, eérú ló fi ń fọ abọ́ lójoojúmọ́, títí awọ ìka rẹ̀ fi bó. Fún ọdún mẹ́ta, Nàfísàt kò bá a sọ̀rọ̀.

Lọ́dún 1997, Nàfísàt bí ọmọbìnrin mìíràn, ó sì ránṣẹ́ pe Màsúdát. Màsúdát fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó gba ọmọ náà.

"Ẹ bá mi wẹ̀ ẹ́, Àǹtí," ni Nàfísàt wí. "Ti oúnjẹ, Ìyábọ̀dé aládùúgbò mi ló ń sè é."

Màsúdát ní ó dáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá kànìnkànìn.