Nígbà Tí Màmá Mi Mu Àgbo Àwọn Ará China ní Toronto

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Weston, ní Toronto níbí. Ẹnu ti ń yún mi tipẹ́, ṣùgbọ́n Màmá mi ní kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀ ná. Ó ti rọlẹ̀ báyìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ayé sójà ni mo kúrò nílé. Ọdún tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí Màmá mú wá sọ́dọ̀ mi. Orúnkún ló ń dà wọ́n láàmú. Yàrá wọn ní Ìbàdàn, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà, wọ́n sì sọ pé àwọn ò ní padà sílé kí wọ́n máa gbé àwọn gun àtẹ̀gùn bí àpò ìrẹsì. Wọ́n fẹ́ padà o! Kò sí ilé condo tó lè mú Màmá mi gbàgbé yàrá yẹn.

Oògùn tí dókítà ń fún wọn ń da inú wọn rú. Ìgbà yẹn la gbọ́ pé ilé ìwòsàn kan ń ṣe research lórí egbòogi àwọn ará China fún orúnkún dídùn, wọ́n sì ń wá àwọn àgbàlagbà. Auntie Ràńtí, opó kan tó ń gbé lókè wa, tí àwọn àti Màmá jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ní orúnkún ń dun àwọn náà. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe jọ forúkọ sílẹ̀.

Lin ni orúkọ ọmọbìnrin tó ń bójú tó wa níbẹ̀. Ó ṣàlàyé, èmi sì ń túmọ̀. Wọ́n máa pín àwọn èèyàn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan máa gba egbòogi gidi, àwọn tó kù máa gba ìyẹ̀fun tó jọ ọ́, tó korò bíi tiẹ̀, àmọ́ tí kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Lin fúnra rẹ̀ ò ní mọ ẹni tó gba èwo. Tí wọ́n bá fi àwọn méjèèjì wéra níkẹyìn ni wọ́n máa mọ̀ bóyá egbòogi yẹn ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́.

Màmá wò mí. Wọ́n ní, "Bá mi bi í, ẹni tí kò sí oògùn nínú tiẹ̀, kí ló ṣe fún wọn?"

Lin rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan kan fún àwọn, pé bí wọ́n ṣe ń wádìí òótọ́ nìyẹn. Màmá kàn mirí, wọ́n sì buwọ́ lùwé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo da omi gbígbóná sórí ìyẹ̀fun náà ní kíṣìnnì. Hà, òórùn yẹn! Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìbàdàn ló gbé mi lọ tààrà. Mo rí ìkòkò dúdú lórí iná igi, èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ewé dóńgóyárò, ewé tíì. Tí ibà bá mú ẹyọ ọmọ kan péré, gbogbo wa la máa mu nínú àgbo náà. Ẹni tára rẹ̀ le á di imú, á gbé e mì. Bàbá mi tó ti wọ kóòtù, tó ń lọ sí ọ́fíìsì, náà á mu tiwọn. Màmá ò gbà kí aláìsàn dá mu àgbo nílé wọn. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi, èmi náà ò sì béèrè.

Ta ló máa sọ pé mo lè ṣàárò ohun tí mo máa ń sá fún bẹ́ẹ̀? Omijé bọ́ lójú mi. Mo ní kí Màmá jẹ́ kí n tọ́ díẹ̀ wò. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní èmi ò forúkọ sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, Auntie Ràńtí á sọ̀kalẹ̀ wá láràárọ̀ pẹ̀lú fíláàsì wọn. Mo rò pé àdúrà ni wọ́n jọ ń gbà. Nígbà tó yá, Auntie Ràńtí ò di ara ògiri mú mọ́ tí wọ́n bá ń rìn. Orúnkún Màmá náà dẹwọ́ díẹ̀, wọ́n sì ti ń béèrè iye tí tíkẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà jẹ́.

Nígbà tá a padà lọ rí Lin, ó béèrè bóyá wọ́n ń lo oògùn náà bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n lò ó. Màmá dáhùn pẹ̀lú ayọ̀. Wọ́n ní àwọn ò fo ọjọ́ kankan. Wọ́n ní àwọn àti Ràńtí máa ń da tàwọn pọ̀ sínú ife ńlá kan, àwọn á rò ó pọ̀, àwọn á wá pín in dọ́gba, kó má bàa sí ẹni tí kò ní rí nǹkan kan mu.

Ẹ̀yin ará, kí ni kí n túmọ̀? Mo sọ ọ́ bó ṣe rí.

Lin ò bínú, àmọ́ ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní àwọn ò lè fún Màmá àti Auntie Ràńtí ní oògùn mọ́, torí ohun táwọn méjèèjì ti mu ò ṣeé fi wé tàwọn yòókù. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Kò ṣeé ṣe.

Nínú mọ́tò, mo bi Màmá pé ṣé wọn ò gbọ́ ohun tí mo túmọ̀ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ọ dáadáa.

"Ṣé kí n wá máa mu oògùn gidi, kí Ràńtí máa mu omi kíkorò lójú mi?"

Mo ní, ẹ ò ṣáà mọ ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ gidi. Wọ́n ní ìdí tí àwọn fi dà á pọ̀ nìyẹn.

Lóṣù tó kọjá, research náà parí. Lin pè wá lórí fóònù, ó sì pe Auntie Ràńtí náà. Ti Màmá ni egbòogi gidi. Kò sí nǹkan kan nínú ti Auntie Ràńtí. Lin ní àwọn ò tíì lè sọ bóyá egbòogi náà ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n inú bí mi. Ìdajì oògùn ìyá mi! Ká ní wọ́n mu gbogbo rẹ̀ ni, bóyá wọn ì bá ti wà ní Ìbàdàn báyìí.

Kí n tó ráhùn fún Màmá tán, Auntie Ràńtí ti kan ilẹ̀kùn. Wọ́n wọlé, wọn ò kí ẹnikẹ́ni, wọ́n kúnlẹ̀ síwájú Màmá lórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń dúpẹ́. Orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. Màmá fọwọ́ ti ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn, wọ́n bojú wolẹ̀, wọ́n wá pè mí.

Wọ́n ní, "Wá wo bí Ràńtí ṣe kúnlẹ̀."

Màmá ṣì wà lọ́dọ̀ mi, wọn ò tíì lè gun àtẹ̀gùn. Ohun tí mo kọ́ ni pé tí ẹ bá fẹ́ mú àgbàlagbà lọ síbi irú research bẹ́ẹ̀, ẹ má kàn túmọ̀ fún wọn lásán. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, torí a ba iṣẹ́ Lin jẹ́, iṣẹ́ náà sì wúlò. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ìdí tí gbogbo wa fi máa ń mu àgbo nílé wa.

Ẹ̀yin ńkọ́? Nílé tiyín, ta ló máa ń bá aláìsàn mu oògùn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á sétí Màmá.