Àǹtí Òkè àti Òjìji Tí Wọ́n Rí Láyà Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Èbúté Mẹ́ta là ń gbé, níbi tí fèrè rélùwéè ti máa ń dún bí ẹni pé inú yàrá wa ni wọ́n ti ń fọn ọ́n. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín pé ta ló sọ mí di àgbà. Mo mọ̀ pé kò tíì pẹ́ tí mo jáde ilé ìwé gíga. Ṣùgbọ́n ayé ti yí láti ìgbà náà débi pé, bí mo bá ń ròyìn rẹ̀, èmi gan-an máa ń gbọ́ ohùn ìyá àgbà lẹ́nu ara mi.

Ìsàlẹ̀ ni àwa ń gbé. Màámi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, máa ń dirun fún àwọn obìnrin lẹ́nu ọ̀nà. Lókè pátápátá ni obìnrin kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Òkè. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni. Ìwádìí lórí ẹ́síréè ni iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn àwòrán tí wọ́n fi ń rí eegun àti ẹ̀dọ̀fóró láì fi ọ̀bẹ kan ènìyàn. Ohun tó ń wá gan-an ni àwọn òjìji tó ń tan dókítà jẹ, tí kì í ṣe àìsàn ṣùgbọ́n tó jọ àìsàn. Gbogbo ojú fèrèsé rẹ̀ ló fi àwọn àwòrán dúdú wọ̀nyẹn kọ́ sí, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú wọn kọjá. Ìyá Onílé kì í fẹ́ gòkè lọ síbẹ̀. Ó ní, "Kí n máa gba owó ilé, kí egungun ìhà ẹlòmíì máa wò mí!"

Lọ́dún kan, ìròyìn dé pé wọ́n fẹ́ fi àmì ẹ̀yẹ dá Àǹtí Òkè lọ́lá, òun àti onímọ̀ méjì mìíràn, nítorí ìtẹ̀síwájú tí wọ́n mú bá iṣẹ́ ẹ́síréè. Gbọ̀ngán kan ní Yábàá ni wọ́n ti máa ṣe é lọ́jọ́ Sátidé. Inú ilé wa dùn bí ẹni pé gbogbo wa la jọ kàwé náà. Àǹtí ní èmi ni kí n gbé òdòdó fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Ayọ̀ àti ẹ̀rù dé lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ gbà láàyè. Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀, Màámi fi àtáṣímẹ́ǹtì dirun fún mi, ó kó o sí ọ̀nà méjì tó nípọn, ó sì jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn ọrùn mi dé èjìká. Ó ní, "Kí wọ́n wò ó ní Yábàá, kí wọ́n mọ̀ pé ìyá rẹ mọṣẹ́."

Àmọ́ mo ti ń wúkọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ní Mọ́ńdè, Màámi mú mi lọ sí ilé àyẹ̀wò kékeré kan ní Ọ̀yìngbò. Ọkùnrin tó ń ya àwòrán ń kánjú. Ó ní kí n gbé àyà lé pátákó tútù kan, kí n mí sínú, kí n má mí síta. Mo di èémí mú títí ó fi pariwo pé, "Ó ti tán, mí jàre! Ṣé o fẹ́ kú ni?" Nígbà tí a padà lọ gba èsì ní ọjọ́ kejì, wọ́n ti kọ ọ́ pé òjìji wà lókè ẹ̀dọ̀fóró mi, lọ́tùn-ún àti lósì, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ikọ́ ife.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ bó ṣe rí lára mi. Kì í ṣe ikú ni mo kọ́kọ́ rò. Ohun tí mo rò ni pé wọn ò ní jẹ́ kí n gbé òdòdó mọ́. Ojú wá tì mí pé ìyẹn ni mo rò. Lẹ́yìn náà ni mo wo ojú Màámi, obìnrin tó máa ń bá gbogbo ẹlẹ́pà ojú ọ̀nà ṣàwàdà. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fà mí kọjá lára gbogbo wọn láti Ọ̀yìngbò títí a fi délé. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí gan-an.

Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi gbọ́. Ìyá Onílé rọra wọlé, ó ní, "Ẹ má bínú o, ìyá ọmọ, àmọ́ ẹ yọ kọ́ọ̀bù ọmọ yìí sọ́tọ̀ ná." Màámi pinnu pé ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní ọjọ́ kejì ni yóò gbé mi lọ bá ìyá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí àwọn oníbàárà má baà sá. Orí àtẹ̀gùn ni mo jókòó sí pẹ̀lú báàgì mi nígbà tí Àǹtí Òkè ti ibi iṣẹ́ dé.

"Ìrìn àjò wo nìyẹn?"

"Ògbómọ̀ṣọ́ ni, mà. Mo ní ikọ́ ife."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo na àpò ìwé tí àwòrán mi wà nínú rẹ̀ sí i. Ó gòkè, mo tẹ̀ lé e, Màámi tẹ̀ lé mi, gbogbo ilé tẹ̀ lé Màámi, àti Ìyá Onílé alára. Àǹtí gbé àwòrán mi kọ́ sójú fèrèsé. Ó wò ó pẹ́. Ó yíjú wo ọrùn mi. Ó tún wo àwòrán. Ni ó bá bú sẹ́rìn-ín.

Inú bí Màámi. "Àǹtí, ọmọ mi ń ṣàìsàn, ẹ̀rín lẹ ń rín?"

"Ẹ má bínú, ìyá ọmọ. Ta ló dirun yìí?"

"Èmi ni. Kí ló kan irun níbẹ̀?"

Àǹtí gbé ọ̀kan nínú irun mi sún mọ́ àwòrán náà. Bí irun ṣe nípọn ni òjìji náà nípọn. Ó fi ìka tọ ọ̀nà tí òjìji náà gbà. "Ẹ wò ó dáadáa. Àìsàn wo ló ń lọ́ bí okùn báyìí? Iṣẹ́ ọwọ́ yín nìyí."

Ìyá Onílé pàtẹ́wọ́. "Yéè! Onídìrí yìí ti dirun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Àǹtí tó ti ń tú àwòrán náà kúrò lójú fèrèsé. Ó ní ẹ̀rín kò tó ẹ̀rí, àfi kí a tún un yà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó mú mi lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, ó kó irun náà sókè orí mi, ó fi gèlè wé e, ó tún àwòrán yà. Òjìji ti lọ. Dókítà gbọ́ àyà mi, ó ní ikọ́ òtútù ni, ó fún mi ní oògùn. Màámi sunkún níbẹ̀, ó sì fẹ́ tú irun náà, pé òun ò fẹ́ rí i mọ́. Àǹtí kọ̀. "Ẹ fi sílẹ̀ jàre, ó dára."

Ní Sátidé, Àǹtí tọrọ àyè lọ́wọ́ Màámi, ó gbé àwòrán méjèèjì sára ògiri gbọ̀ngán náà, láì sọ pé èmi ni. Ó ní ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi kọ́ òun ní kíka ẹ́síréè, ibi tí wọn kì í ti í dirun bíi tiwa ni wọ́n ti kọ ọ́. Ó ní ohun tí ìwádìí òun ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ wo ènìyàn kí wọ́n tó wo àwòrán rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà lo oògùn nítorí irun. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Ni Màámi bá dìde láàárín èrò, "Èmi ni mo dì í o!" Gbọ̀ngán dàrú fún ẹ̀rín. Ojú tì mí débi pé mo gbé òdòdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún Àǹtí Òkè nìkan, àwọn onímọ̀ méjì yòókù sì na ọwọ́ lásán. Obìnrin mẹ́rin ló bi Màámi léèrè ibi tí ó ti ń dirun kí a tó kúrò níbẹ̀.

Ayé ti yàtọ̀ báyìí. Èmi náà kọ́ iṣẹ́ ẹ́síréè, ilé ìwòsàn kan ní Sùúrùlérè ni mo ti ń ṣe ìkọ́ṣẹ́. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí lójoojúmọ́ pé mo lè ṣàṣìṣe, nítorí náà ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bi aláìsàn lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń bi í. A kì í gbé àwòrán kọ́ sójú fèrèsé mọ́. Orí kọ̀ǹpútà ló ń já sí, ó mọ́ ju ti àtijọ́ lọ, ó sì yá. Èsì a sì wọ inú fóònù oníǹkan kí ó tó kúrò lọ́gbà. Ó dára, mi ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, odindi ilé ló gun àtẹ̀gùn láti ka èsì ọmọ kan. Báyìí, mo ń rí wọn lórí bẹ́ǹṣì, oníkálukú pẹ̀lú fóònù rẹ̀, tí wọ́n ń ka ohun tí kò yé wọn. Bí mo bá ní àyè díẹ̀, mo máa ń lọ bá wọn. Mo máa ń ní, "Ṣé kí a jọ kà á?" Títí di òní, kò tíì sí ẹni tí kò sún kí n lè jókòó.