Orí Tí Wọn Ò Fá Tán

Onígbàjámọ̀ àdúgbò wa ní àtọ̀gbẹ. Inú agolo páúdà ló ń fi abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì rẹ̀ pamọ́ sí, kí oníbàárà kankan má baà mọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó gún un tán, kò jẹun, ìgò bíà méjì ló mu dípò oúnjẹ.

Ó ń fá orí tísà kan lọ́wọ́ nígbà tí òógùn bò ó. Abẹ́rẹ́ ti fa ṣúgà ara rẹ̀ wálẹ̀, ọtí tún fà á wálẹ̀ sí i. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, kílípà sì la ọ̀nà gbọọrọ gba àárín orí tísà kọjá.

Tísà gbóòórùn ẹnu rẹ̀. "Ọkùnrin yìí ti yó."

Ìyàwó onígbàjámọ̀ sáré gbé omi ṣúgà fún un mu. Bí ojú rẹ̀ ṣe wálẹ̀, obìnrin náà lanu láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ọkọ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Ọtí ni," ló wí, ó dorí kodò bí olè tí wọ́n mú.

Tísà fi fìlà bo orí náà, ó jáde.

Ìyàwó gbá irun ilẹ̀ jọ tán kó tó sọ̀rọ̀. "Lọ́jọ́ tí mi ò bá sí nítòsí, wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ sùn, kí ọtí lè dá lójú yín. Ẹ ò sì ní jí."