Òkun Dára Lónìí

Ọ̀rọ̀ kan tí mo kọ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ló fẹ́ gba ẹ̀mí màmá mi. Kò rí ẹ̀mí wọn gbà, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó gba orúkọ rere tí wọ́n ní nínú ìjọ wọn lọ, mo sì jókòó síbẹ̀ nígbà tó ń gbà á. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń sá fún kíkọ ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó tì í ni inú máa ń bí mi, kò sì sí ẹlòmíì tí mo lè bínú sí ju ara mi lọ.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyí. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ni wá ní Yábàá, yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìwé. Ibẹ̀ la ti ń sọ bí òkun àti ojú ọjọ́ á ṣe rí fún àwọn tó fẹ́ lọ sí etí òkun kan tí kò sí ará Èkó tí kò mọ̀ ọ́n. Torí àwọn onípátákó ni wọ́n ṣe dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, ìyẹn àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń dùbúlẹ̀ lé pátákó gígùn lójú omi, tí ìgbì bá dé, wọ́n á dìde dúró lórí ẹ̀, wọ́n á sì gun ìgbì náà títí dé orí iyanrìn. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo máa ń gbé e sójú ìkànnì wa: bí ìgbì á ṣe ga tó, ibi tí afẹ́fẹ́ á ti fẹ́ wá, àsìkò tí omi á kún, bóyá òjò á rọ̀ tàbí kò ní í rọ̀. Ọdún méjì ni mo fi jókòó sílé lẹ́yìn yunifásítì kí n tó rí iṣẹ́ yìí, nítorí náà mo fẹ́ràn ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mi ò rí omi kankan láti ojú fèrèsé mi. Páànù ilé onílé àti wáyà iná ni mo ń rí, síbẹ̀ mo máa ń sọ̀rọ̀ òkun bí ẹni pé inú ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí.

Ọ̀gá wa, tí mo fi ọdún mẹ́rin jù lọ, ló wá bá mi lọ́jọ́ kan pé àwọn tó ń ti Mushin àti Surulere lọ sí etí òkun lópin ọ̀sẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni kò ráyè Gẹ̀ẹ́sì wa. “Àǹtí, ẹ bá mi fi Yorùbá sí i jàre. Just two lines. Ẹ má jẹ́ kó gùn, àwọn èèyàn kì í ka nǹkan tó gùn.”

Mo ní kò sí wàhálà. Ọmọ tíṣà Yorùbá ni mí, ta ni wọn ì bá tún gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún? Nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn gbogbo àlàyé, a máa ń fi ọ̀rọ̀ kan parí ẹ̀ fún àwọn onípátákó: òkun dára, ó dára díẹ̀, tàbí kò dára. Ọ̀rọ̀ ìparí yìí ni mo gbé sínú Yorùbá. Ìlà kan fún òkun, ìlà kan fún ojú ọjọ́, mo sì fi àmì ohùn sí gbogbo ẹ̀ dáadáa. Mo rí i pé ó rẹwà.

Ohun tí kò wá sí mi lọ́kàn ni pé ìgbì ńlá ni onípátákó ń wá. Ọjọ́ tí òkun bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, tí ìyá lè gbé ọmọ jókòó sétí ẹ̀, ọjọ́ náà ni àwọn ń pè ní ọjọ́ tí kò dára. Ọjọ́ tó bá ń bú ramúramù, tí ìgbì ń ga ju àgbàlagbà lọ, ọjọ́ náà ló dára fún wọn. Èmi wá gbé dídára onípátákó, mo fi lọ ìyálọ́mọ láti Mushin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì pè mí sí àkíyèsí ní ọ́fíìsì, torí Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń kà.

Màmá mi ń kà á. Ìpọ̀nrí ni wọ́n ń gbé, àwọn àti àbúrò wọn obìnrin. Iṣẹ́ tíṣà Yorùbá ni wọ́n ṣe ní ilé-ìwé girama títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọn ò sì tíì fẹ̀yìn tì nínú ọkàn wọn. Ìwé ìpè ìgbéyàwó tí wọ́n bá gbé wá fún wọn, wọ́n á kọ́kọ́ fi báírò tún àmì orí ẹ̀ ṣe kí wọ́n tó béèrè pé ta ni ìyàwó. Nínú ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n ń lọ, àwọn ni wọ́n máa ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì fún gbogbo ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Tí wọ́n bá ń kàwé, àwọn ọmọdé tó ń sáré kiri nínú ṣọ́ọ̀ṣì á dúró.

Nígbà tí mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé tí Ọlọ́run bá fún mi níṣẹ́, àwọn á lọ sí etí òkun, àwọn á wọ inú omi dé orúnkún, àwọn á sì dúpẹ́. Iṣẹ́ wá dé, ó tún wá jẹ́ iṣẹ́ òkun. Ìyẹn dùn mọ́ wọn nínú débi pé wọ́n ní àwọn ò ní í lọ àfi lọ́jọ́ tí ọmọ àwọn bá kọ ọ́ pé òkun dára. Sátidé mẹ́rin tẹ̀ léra wọn, wọ́n dá sùtánà wọn padà sórí ìkọ́.

“Òkun yín yìí,” wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi lórí fóònù, “ṣé kì í dára ni?”

“Mọ́mì, ẹ ṣe sùúrù. Ó máa dára.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rántí ẹ̀rín yẹn dáadáa, ó ń dùn mí títí di òní. Sátidé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, òkun dákẹ́ bí omi inú báàfù.

Nínú oṣù keje ni ìgbì ńlá wọlé. Láti ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún ni irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ti máa ń gbéra, ó sì lè rìn fún ọjọ́ mélòó kan kó tó kan ilẹ̀ wa, tí oòrùn á ràn, tí afẹ́fẹ́ á rọra máa fẹ́, tí ẹni tó bá wo òkè kò ní í mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Ilé ni mo ti kọ ọ́ láàárọ̀ Sátidé náà, lórí bẹ́ẹ̀dì mi: “Òkun dára gan-an lónìí. Òjò kò ní í rọ̀.” Mo pa fóònù dé, mo sì sùn padà.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ kí n tó pe màmá mi. Àbúrò wọn ló gbé e. “Wọn ò gbé fóònù lọ. Wọ́n ti lọ sí etí òkun láti aago mẹ́fà ààbọ̀, àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn tó ń ta aṣọ ọmọdé. Ṣebí ìwọ lo kọ ọ́ pé òkun dára gan-an? Wọ́n kà á sí mi létí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń jó.”

Gan-an yẹn ni mo gbọ́. Bí ó ṣe ti ẹnu ẹlòmíì jáde ni mo tó gbọ́ ohun tí mo ti ń kọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo ní “Yéè!” débi pé ẹni tó ń gbé yàrá kejì kan ògiri.

Mo pe ọkọ̀ lórí fóònù, mo sì wọ̀ ọ́ tòun ti bùbá tí mo fi sùn. Nígbà tí a dé orí afárá, omi ọ̀sà wà nísàlẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọn apẹja jókòó sínú ọkọ̀ wọn láìmira. Mo pe ọ̀gá mi. Mo sọ fún un pé ohun tí mo kọ lè pa èèyàn.

“Àǹtí, ẹ calm down,” ó ní. “English yẹn correct, mo ti check ẹ̀.”

“Màmá mi kọ́ ló ń ka English yẹn!” Mo já fóònù mọ́ ọn lójú. Mo wá ṣí ìkànnì náà fúnra mi, mo fi “kò” síwájú “dára,” mo yọ “gan-an,” mo fi “rárá” sí i. “Òkun kò dára rárá lónìí.” Ìgbà mẹ́ta ni mo tẹ̀ ẹ́ kó tó lọ. Mo ń ronú nípa àwọn ìyá ọlọ́ja tó lè ṣì wà nílé tí wọ́n ń múra. Mi ò ronú jìnnà ju ìyẹn lọ.

Kí n tó rí òkun ni mo ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀. Èrò pé jọ sí ojú kan lórí iyanrìn, mo sì rí aṣọ funfun láàárín wọn. Màmá mi jókòó sílẹ̀, sùtánà wọn rin gbingbin, wọ́n gbé orí ọ̀rẹ́ wọn lé ẹsẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń kọrin ọpẹ́ ni ìgbì kan dé. Ó da màmá mi nù sórí iyanrìn, ó sì wọ́ ọ̀rẹ́ wọn lọ. Àwọn onípátákó méjì tó wà nínú omi ni wọ́n lọ gbé e. Ó ń mí, ó ń bi omi iyọ̀, ṣùgbọ́n ìgbì ti là á mọ́lẹ̀, egungun ìbàdí ẹ̀ ti kán.

Èmi ti dì mọ́ màmá mi, mò ń sunkún bí ọmọdé. Wọ́n ń sọ pé, “Ṣe jẹ́jẹ́, mo wà níbí, mo wà níbí.”

Ní ọsibítù tí wọ́n gbé ọ̀rẹ́ wọn lọ, lórí bẹ́ǹṣì, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn: dídára onípátákó, dídára tiwa, àti ìtúnṣe tí mo ṣe lórí afárá. Wọ́n gbọ́ ọ dópin.

“Ta lo tún sọ fún?”

“Kò sí, Mọ́mì, àfi ọ̀gá mi.”

“Má sọ fún ẹlòmíì. Mo mọ àkọ́bí ọ̀rẹ́ mi, tésàn ọlọ́pàá ló máa fà ẹ́ lọ. Iṣẹ́ tí mo tìtorí ẹ̀ wọ omi, kò ní í bọ́ lọ́wọ́ ẹ.”

Mo rò pé kí n ṣáà dákẹ́ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ìyẹn rọrùn, mo sì gbà.

Ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́yìn ìsìn tí mo bá màmá mi lọ, àkọ́bí ọ̀rẹ́ wọn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin gìrìpá ni. Ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó sọ fún ìyá òun pé kó wọ omi. Màmá mi dìde. Wọ́n ní àwọn ni, àwọn kà á lórí ìkànnì. Ọkùnrin náà mú fóònù ẹ̀ jáde, ó wá ọjọ́ náà rí, ó sì kà á sókè fún gbogbo ìjọ: “Òkun kò dára rárá lónìí.”

Ẹsẹ̀ mi ti ń gbé mi dìde nígbà tí màmá mi tẹ èjìká mi mọ́lẹ̀, wọn ò tilẹ̀ wò mí.

“Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ ọ́,” wọ́n ní. “‘Kò’ wà níbẹ̀. Ojú mi ni kò rí i. Ẹ foríjì mí.”

Ẹnì kan lẹ́yìn sọ pé, “Tíṣà tí kò rí ‘kò’ mọ́.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá mi, tó lè rí àmì tí kò sí lórí ọ̀rọ̀ láti òdìkejì títì, dúró síbẹ̀ nínú sùtánà, wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí débi pé etí mi ń hó. Mi ò sì sọ nǹkan kan.

Mo ti yí bí mo ṣe ń kọ ọ́ padà. Ní báyìí, “Ìgbì ga, ẹ má wọ inú omi” ni mò ń kọ, ọ̀gá mi ò sì bá mi jà. Ọ̀rẹ́ wọn ti ń rìn pẹ̀lú ọ̀pá, ṣùgbọ́n kò yà kí màmá mi mọ́. Bàbá olùdarí ìjọ sì ní kí màmá mi sinmi kíkà ẹ̀kọ́, torí ojú wọn.

Lẹ́yìn oṣù kan ni bàbá olùdarí náà ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní ìjọ ti ronú sí i, kò yẹ kí iṣẹ́ náà kúrò nínú ilé wa. Èmi tí ojú mi ṣì dá ṣáká, ṣé mo lè máa kà á dípò màmá mi?

Mo ní mi ò lè ṣe é. Màmá mi ní mo lè ṣe é. Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n mú mi jókòó, wọ́n fi ìka hàn mí níbi tí mo ti máa mí, ibi tí ohùn ti ń lọ sílẹ̀, wọ́n sì pariwo mọ́ mi nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ kan mì.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo dúró níwájú gbogbo wọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju gbólóhùn kan lọ, mo ti há a sórí láti ilé. Mo wo màmá mi. Wọ́n rọra mi orí fún mi pé rárá.

Mo ṣí Bíbélì, mo sì kà á. Mi ò ṣi ọ̀rọ̀ kankan kà. Nígbà tí mo parí, ohùn tiwọn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tó ṣe àmín.