Ọwọ́ Òsì Nínú Yàrá Kẹ́místírì

Ọwọ́ òsì ni Ọlọ́run fún mi, ìyá mi sì gbà á lọ́wọ́ mi kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Rúlà onígi ló fi gbà á. Bí mo bá fi òsì mú síbí, rúlà. Bí mo bá fi na owó sí oníbúrẹ́dì ní ọjà Santana, rúlà. Ó ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, pàápàá ní Bìní tí a ti jẹ́ àlejò. Òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Yorùbá kì í kọ́ ọmọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀tún ṣe ohun gbogbo, bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn.

Mo wà ní SS2, kí fóònù alágbèéká tó dé, nígbà tí tíṣà kẹ́místírì wa, ọmọ Bìní kan tí kì í pariwo, sọ pé ẹnì kan péré lòun máa mú lọ síbi ìdíje sáyẹ́ǹsì ti ìpínlẹ̀. Ó ku èmi àti ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó níwájú mi. Mo fẹ́ lọ débi pé n kò lè jẹun.

Ọ̀pá gíláàsì gígùn kan wà tí à ń pè ní bíúrẹ́ẹ̀tì. Ásíìdì ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tí à ń yí bíi ti omi ẹ̀rọ sì wà nísàlẹ̀. Òsì ni a fi ń yí ẹ̀rọ náà, kí ọ̀tún lè máa mi ìgò tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kán kan ṣoṣo ló ń sọ omi yẹ́lò inú ìgò di àwọ̀ ọsàn. Bó bá fi ẹ̀kán kan lé, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀tún lèmi fi ń yí i. Tíṣà ní kí n pààrọ̀ ọwọ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, n kò pààrọ̀. Ó rò pé agídí ni.

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n pe àwọn òbí wá wò wá. Ìyá mi tọrọ ààyè níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a máa ṣe é. Ẹni tí iye ásíìdì tó lò nínú mẹ́ta bá bára mu jù ló máa lọ.

Ní àkọ́kọ́, mo yí ẹ̀rọ jù, omi pọ́n bí zóbò. Ó ku mẹ́ta, n kò sì gbọ́dọ̀ ba ọ̀kankan jẹ́ mọ́. Tíṣà sọ sí mi létí.

“My daughter, na left hand dey open am.”

Mo bojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ mi ni ìyá mi ń wò. Inú bí mi lójijì. Mo ní lọ́kàn mi pé bó bá wù ú, kó gbé rúlà wá síbí. Mo fi òsì di ẹ̀rọ náà mú.

Ọwọ́ náà kò gbàgbé nǹkan kan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu débi pé tíṣà nu awò ojú rẹ̀, ó tún un kà. Èmi ni wọ́n mú.

Èmi àti ìyá mi wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ní Sapele Road. Mo ń retí rúlà títí tó fi di ọjọ́ Sunday, tí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì bi í léèrè bí mo ṣe mókè.

“Ẹ wò ó, báyìí ló ń yí i, díẹ̀díẹ̀.”

Ìyá mi gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè níwájú gbogbo wọn, ó ń yí ẹ̀rọ tí kò sí níbẹ̀. Ó yí i wẹ́rẹ́, ó dára ju tèmi lọ. Ìgbà yẹn ni mo tó bi ara mi léèrè ẹni tó kọ́kọ́ fi rúlà gba ọwọ́ òsì lọ́wọ́ ìyá mi náà.