Ààwẹ̀ Ọjọ́ Mẹ́ta tí Ìyá Ọkọ Mi Gbà

Ọdún méje gbáko ni mo fi rò pé ìyá ọkọ mi ń bínú sí mi. Èmi tí mo máa ń fọ́nnu pé kò sí ohun tó ń fo ojú mi.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ọmọbìnrin, ní ìlú Atakpamé tí à ń gbé, ìrọbí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi. Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí mi sọ fún mi láìfi bò pé abẹ́ tí wọ́n dá fún mi ní kékeré ló fà á: ojú àpá kò fẹ̀, ṣe ló ya. Mo gbé ọmọ mi lé àyà, mo ní wọn ò ní í fi abẹ kan èyí láéláé.

Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ọkọ mi ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni, kí n lọ bá ìyá òun. Ìyá rẹ̀ sì rèé, obìnrin Ṣakí tí ń ta abọ́ irin lọ́jà, ẹ̀sìn wọn le, ọ̀rọ̀ wọn kò pọ̀. Àwọn ni wọ́n ń fi omi gbígbóná wẹ èmi àti ọmọ láràárọ̀. Bí wọ́n bá ti gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, n ó jókòó tì wọ́n bí ọlọ́pàá.

Ọmọ pé oṣù méjì, mo gbọ́ pé olóólà, obìnrin tó ń dá abẹ́ fún àwọn ọmọ àdúgbò wa, ń bọ̀ láti Anié. N kò dúró gbọ́ ìyókù. Mo pọn ọmọ, mo gun alùpùpù akérò, ó di ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Agbonou. Nígbà tí mo padà lọ́jọ́ kejì, ìyá ọkọ mi kò bá mi wí, ààwẹ̀ ni mo bá lẹ́nu wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbà á, bẹ́ẹ̀ Ràmàdáánì ti kọjá tipẹ́. Mo ní ẹjọ́ mi ni wọ́n ń rò fún Ọlọ́run.

Olóólà kò tún wá mọ́. Mo gbà pé sísá tí mo sá ló gbà wá, mo tilẹ̀ ń yangàn.

Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá nọ́ọ̀sì yẹn kiri, láti Akparé dé Anié, à ń la àwọn obìnrin lọ́yẹ̀ kí wọ́n jáwọ́ nínú dídá abẹ́ fún ọmọbìnrin. Ó ń sọ Faransé, èmi ń túmọ̀ rẹ̀ sí Ifẹ̀, èdè àwọn ará Atakpamé, àti sí Yorùbá. Lọ́dún tó kọjá, a pe àwọn obìnrin àdúgbò wa jọ sí iwájú mọ́ṣáláṣí. Mo ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ìyá àgbà kan, ọ̀rẹ́ ìyá ọkọ mi, dá mi dúró.

"Ìyàwó, ṣebí wọ́n ṣe ti ọmọ tìrẹ. Kí lo wá ń kọ́ wa?"

Kí n tó lanu, ìyá ọkọ mi ti dìde.

"Wọn ò ṣe tiẹ̀. Èmi ni mo wẹ ìyàwó mi lẹ́yìn ìbímọ, mo rí bó ṣe ya. Nígbà tí olóólà dé, mo fi Ọlọ́run búra fún un pé ẹlòmíràn ti bá wa ṣe é. Irọ́ ni mo pa. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láti fi tọrọ àforíjì ìbúra èké yẹn."

Ojú tì mí, inú mi sì dùn. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń ṣọ́ wọn, àwọn ló ń ṣọ́ wa. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo ní, "Ìyá, ẹ ṣeun. Ẹ ò bá ti sọ fún mi, ǹ bá bá yín gbà á."

"Ṣé ìwọ lo parọ́ ni?"

Lẹ́yìn tí àwọn èèyàn túká, a ń ká ẹní, ọ̀rẹ́ wọn yẹn tún padà wá. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin kò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ó rọra bèèrè pé, "Ọjọ́ mẹ́ta péré náà ni ààwẹ̀ irọ́ yẹn?"

"Mẹ́ta ni," ni ìyá ọkọ mi dáhùn. "Ẹ̀rù ló bà mí láti sọ fún olóólà pé rárá. Ìwọ sọ pé rárá, kí o sì máa jẹun rẹ."